Àga Arère àti Ilé Bàbá Adébùnmí

Ní ẹ̀yìn Áfẹ́núù Karùn-ún ní Festac, níbi tí igi máńgòrò kan ti na ẹ̀ka bo ògiri, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà tí obìnrin jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Adébùnmí Owólabí ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ìgbà tí tábìlì òun yóò parí, Adébùnmí yóò kọ́kọ́ wo pákó, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, bí ẹni pé pákó náà ni wọ́n bi ní ìbéèrè, kí ó tó dáhùn. Eruku igi kì í kúrò lára irun ìpéǹpéjú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rò fún un nìyí. Akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ ni bàbá, ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba fún ní ilé ní Festac nígbà tí àwọn ilé ibẹ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Nígbà tí ìjọba wá ní kí àwọn tó ń gbé inú ilé rà wọ́n, bàbá ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ta ilẹ̀ tí ó ní ní Ìjẹ̀bú, ó sì ra fúláàtì náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá káàánú rẹ̀, yóò ní, “Ẹ má káàánú mi o. Ilé ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ yìí.” Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́, kí ó tó kú, ó fi ilé náà sí orúkọ Adébùnmí, ó sì sọ fún un pé ìyá wọn ni yóò máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

“Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́ nítorí pé o kì í sáré,” ni bàbá wí.

Adébánjí, àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó máa ń sáré nígbà gbogbo, rẹ́rìn-ín. Kò bínú rárá.

Ìṣirò owó ni Adébùnmí kà ní pólì, nítorí pé bàbá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tí ó ń wá iṣẹ́ tí kò rí, ó gbé àga ìyá rẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Satellite Town. Ó jókòó, ó ń wo bàbá káfíńtà náà bí ó ti ń fá pákó, tí ó ń gbẹ́ ihò, tí ó ń fi igi sínú igi láìlo ìṣó kankan. Ní ọjọ́ kejì, ó tún padà lọ, láìgbé nǹkan kan lọ́wọ́.

“Kí ló tún bàjẹ́?” ni bàbá káfíńtà bi í.

“Kò sí, sà. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ni.”

Ibẹ̀ ni ó ti bá Dennis pàdé, tí òun náà ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọ Oǹdó ni Dennis, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì ń pe Adébùnmí ní Ìyáàfin Ìṣirò. “Ìyáàfin Ìṣirò, ẹ rọra o, ìka mẹ́wàá péré ni Ọlọ́run fún yín, ẹ má jẹ́ ká yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.” Àwọn méjèèjì gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ní àkókò kan náà, wọ́n sì pinnu láti da iṣẹ́ pọ̀. Ọwọ́ Adébùnmí mọ igi, ẹnu Dennis mọ oníbàárà. Wọn kò ṣe àdéhùn kankan ju pé wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn lọ.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti gbèrú díẹ̀, wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bùnden ni orúkọ tí wọ́n yàn, láti inú orúkọ àwọn méjèèjì. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ẹni tó ń kọ pátákó.

“Ẹ jẹ́ kí n fi Límítẹ́ẹ̀dì sí ìdí ẹ̀,” ni akọ-pátákó wí.

“Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?” Adébùnmí béèrè.

“Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ ti dàgbà.”

Dennis rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ó kọ ọ́ gàdàgbà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń sọ pé “kọ́ńpínì wa.” Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ti sọ ṣọ́ọ̀bù wọn di kọ́ńpínì, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò náà ti gbà á. Ó sì pẹ́ kí ohunkóhun tó wáyé tí yóò jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè.

Ohun tó wáyé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ìyàwó Dennis, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rí iṣẹ́ sí Kánádà, físà gbogbo ilé wọn sì jáde. Ní àkókò náà gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Amúwo ní kí wọ́n ṣe àga fún gbọ̀ngàn tí àwọn àgbà ìjọ ti ń ka Bíbélì. Ní àkókò náà gan-an náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá Adébùnmí ní ojú, tí Adébùnmí sì ń gbé ìyá lọ, tí ó ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Dennis ní kí ó má dààmú, òun nìkan ni yóò ṣe àwọn àga náà kí òun tó lọ. Ó ṣe wọ́n, ó kó wọn lọ, wọ́n sì dára lójú, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Ìjọ yìn ín, wọ́n gbàdúrà fún un, ó sì wọ bàlúù.

Àwọn òjò díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan lára àwọn àga náà wó lábẹ́ Bàbá Ọbáfẹ́mi.

Ọ̀gá ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó jókòó láti ka ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fún un, ẹsẹ̀ àga kan ṣẹ́ pẹ́ú, bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbára sílẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ sì ṣẹ́. Nígbà tí Adébùnmí gbọ́, ó fi bàtà ilé sáré dé gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ti gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Àga nìkan ló wà nílẹ̀, ó dojú dé.

Àwọn ènìyàn tó dúró níbẹ̀ ń sọ pé ìṣó ló tú. Adébùnmí kúnlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ́ náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Níbi tí ó ti ṣẹ́, lábẹ́ pólíṣì dúdú yẹn, igi náà funfun bí àgbàdo tútù. Arère ni. Arère dára fún àjà ilé àti fún àpótí, ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tí yóò fi ṣe ẹsẹ̀ àga tí àgbàlagbà yóò jókòó lé. Igi apá, igi líle tó wúwo, ni òun àti Dennis bá ìjọ sọ.

Ó rọra dá ẹsẹ̀ àga náà padà sílẹ̀. Ó jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó pe Dennis.

“Ọ̀gá Bùnmí! Òtútù ń pa mí kú níbí o! Báwo ni Màámi? Ojú wọn ńkọ́?”

“Dennis, pákó wo lo fi ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì?”

Dennis dákẹ́. Dennis tí kì í dákẹ́.

“Ṣé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni?”

“Mi ò bi ẹ́ ní ìyẹn.”

“Arère ni,” ni Dennis wí nígbẹ̀yìn. “Kò sí apá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó lọ́sẹ̀ yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti jáde, ìyàwó mi ń pariwo. Mo ní màá sọ fún ẹ kí o máa pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ojú wá tì mí. Bùnmí, ṣé ẹnì kan kú ni?”

“Bàbá kan fi ọwọ́ ṣẹ́.”

“Ha! Jésù! Gbọ́, sọ fún wọn pé èmi ni. Ṣebí èmi ni lóòótọ́! Kó gbogbo ẹ̀ lé mi lórí. Kánádà ni mo wà, kí ni wọ́n máa fi mí ṣe?”

Adébùnmí mọ̀ pé inú rere ni ó fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó dùn ún.

Ní ọjọ́ kejì, Túnjí, ọmọ Bàbá Ọbáfẹ́mi, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin gìrìwò ni, inú sì ń bí i gidigidi. Adébánjí wà níbẹ̀, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó.

“Ṣé ibí nìyí?” Túnjí na ìka sí pátákó. “Límítẹ́ẹ̀dì! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bàbá oníbàbá dá bírà. Bàbá mi ò lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ jẹun mọ́, Màdáàmù. Mo ń gbé yín lọ sí kóòtù. Gbogbo ohun tí ẹ ní ni màá gbà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó,” ni Adébùnmí wí.

“Kí n jókòó? Lórí àga yín?”

Nígbà tí Túnjí lọ tán, Adébánjí fi ọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ́ńpínì ló máa pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó gba ìtì pákó méjì àti ẹ̀rọ ìfági tó ti ń wú ikọ́. Kò lè dé ilé bàbá wa.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ṣebí Límítẹ́ẹ̀dì ni.”

Kò dá Adébùnmí lójú. Ó ní kí àwọn lọ bá Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá, lọ́yà kan tó ń gbé ní Amúwo, tí wọ́n ti ṣe ibùsùn fún rí. Obìnrin náà gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wọn ní omi mu, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn parí, lẹ́yìn náà ni ó béèrè bí ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn ti rí. Adébùnmí ṣàlàyé fún un.

“Ta ló ni ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín?” ni lọ́yà bi í.

“Kọ́ńpínì ni, Àǹtí.”

“Kọ́ńpínì wo? Orúkọ lásán lẹ fi sílẹ̀, orúkọ tí ẹ̀yin méjèèjì á máa jẹ́ bí ẹ bá ń ṣòwò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá yan ìnagijẹ. Ìnagijẹ kì í di èèyàn kejì.”

Adébánjí jókòó síwájú díẹ̀. “Kí wá ni kọ́ńpínì?”

“Bí ìjọba bá forúkọ kọ́ńpínì sílẹ̀, lójú òfin, ẹni tuntun ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Ó lè ra ilé, ó lè jẹ gbèsè, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, òun náà lè pe èèyàn lẹ́jọ́. Bí àwọn tó dá a sílẹ̀ bá kú, kò ní bá wọn kú. Bó bá sì ṣubú, ohun tí kálukú fi sínú ẹ̀ ni wọ́n máa pàdánù, wọn ò ní wá ká wọn mọ́lé.” Ó yíjú sí Adébùnmí. “Òwò àjọṣe ni ìwọ àti Dennis ń ṣe. Kò sí ẹni kẹta láàárín yín. Ohun tí Dennis bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín, ìwọ lo ṣe é. Ohun tí ìwọ bá ṣe, òun ló ṣe é. Ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe lè mú èyí tó bá wù ú nínú ẹ̀yin méjèèjì, kó sì gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n Dennis wà ní Kánádà.”

“Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n máa mú. Ìwọ lè padà béèrè ìpín tiẹ̀ lọ́wọ́ Dennis, ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.”

Adébùnmí gbé omi mì. “Ilé ńkọ́, Àǹtí? Ilé tí Màámi ń gbé?”

“Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?”

“Orúkọ mi ni.”

“Wọ́n lè dé ibẹ̀,” ni lọ́yà wí, ó sì fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

Adébánjí dìde dúró. “Ẹ jẹ́ ká sáré lọ bí ẹni tuntun yẹn lónìí! Àǹtí Lọ́yà, ẹ̀yin ẹ bá wa forúkọ kọ́ńpínì gidi sílẹ̀, ká kó ẹ̀rọ fún un, ká kó ilé fún un. Bí Túnjí bá dé, ká ní Bùnden àtijọ́ ti kú, a ò mọ Dennis rí.”

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. “O kúkú gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣubú yẹn ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ tìẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa jẹ́jọ́ ẹ̀. Bí ẹ bá sì torí ẹjọ́ kó ilé pamọ́, adájọ́ lè fà á jáde. Pátákó yẹn náà, ẹ pa Límítẹ́ẹ̀dì rẹ́ lára ẹ̀ lónìí, nítorí òfin ò fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe kọ́ńpínì máa pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó wá dá ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ohun kan ṣì wà. Ìdílé bàbá yẹn rò pé ìṣó ló tú. Wọn ò mọ̀ nípa arère. Ó yẹ kí n sọ fún ẹ pé ohunkóhun tí o bá fi ẹnu ara ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè lò ó ní kóòtù. Mi ò ní kí o purọ́ o. Ojúṣe mi ni láti sọ fún ẹ.”

“Ẹ ṣé, Àǹtí,” ni Adébánjí yára wí. “Ó ti gbọ́. Kò ní sọ̀rọ̀.”

Adébùnmí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Kí ni wọ́n máa jókòó lé lọ́jọ́ Ìsinmi?” ni ó béèrè.

“Àwọn ta ni?” ni Adébánjí bi í.

“Àwọn àgbà ìjọ. Àga tó kù ṣì wà nínú gbọ̀ngàn. Arère ni gbogbo wọn.”

Lọ́yà sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Adébánjí bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní kí ó kó àwọn àga náà kúrò, kí ó sọ pé òun fẹ́ fi ìṣó tuntun sí wọn, kí ó pààrọ̀ igi wọn ní ìdákẹ́jẹ́, ta ni yóò mọ̀? Bí ó bá jẹ́wọ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún Túnjí. Ìyá wọn ńkọ́? Ojú ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ó sì mọ gbogbo igun fúláàtì náà láìfi ojú wò ó. Níbo ni wọn yóò gbé e lọ?

Adébùnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn, ó ń rò ó pé lọ́yà ti sọ pé kò sí ẹni kẹta. Kò sí kọ́ńpínì kankan níbì kan tí ó lè jáde wá, kí ó gbé ẹsẹ̀ àga náà lọ́wọ́, kí ó ní òun ni òun jẹ̀bi. Bí òun kò bá sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àkàbà, ó sì fi ọ̀dà pa Límítẹ́ẹ̀dì rẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún olórí àwọn àgbà ìjọ pé igi tí kò dára ni wọ́n fi ṣe àwọn àga wọn, kí wọ́n má ṣe jókòó lé wọn mọ́. Ó kó wọn kúrò pátápátá. Ìyàwó pásítọ̀ bá a gbé wọn, kò sì bi í ní ọ̀rọ̀ kan, ó kàn ń sọ pé, “Rọra, ọmọ mi, rọra.”

Láti ibẹ̀ ó gba ilé Bàbá Ọbáfẹ́mi lọ. Adébánjí kọ̀ láti bá a lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá àbúrò rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ ti ya wèrè,” ni Adébánjí wí. “Ẹ wọlé, mo wà lẹ́yìn yín.”

Bàbá jókòó sínú yàrá ìgbàlejò, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Túnjí dúró lẹ́yìn rẹ̀. Adébùnmí kúnlẹ̀ kí bàbá, kò sì dìde.

“Bàbá, kì í ṣe ìṣó ló tú. Igi ni kò dára. Igi apá la bá ìjọ sọ, arère la fi ṣe é, a sì fi pólíṣì dúdú bò ó. Mi ò mọ̀ títí mo fi rí i nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.”

“‘A’ wo nìyẹn?” Túnjí ju ohùn sókè. “Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ti lọ sí Kánádà ló ṣe wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Alájọṣe mi ni. Ohun tó ṣe, èmi ni mo ṣe é.”

“Dádì, ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́! Kò tún sí ohun tí kóòtù fẹ́ wá.”

“Túnjí, fún mi ní omi,” ni bàbá wí.

“Omi wà níwájú yín, sà.”

“Fún mi ní òmíràn.”

Nígbà tí Túnjí ti wọ ilé ìdáná, bàbá yíjú sí Adébùnmí. “Ọmọ mi, mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí afárá bá wó, ilé-iṣẹ́ ni. Bí oògùn kò bá dé ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ ni. Èmi náà máa ń sọ ọ́: ilé-iṣẹ́ kábàámọ̀, ilé-iṣẹ́ yóò wádìí. Mi ò rí ẹnì kan rí tó wọ ọ́fíìsì mi tó ní, èmi ni.” Ó gbé ọwọ́ onísímẹ́ǹtì náà sókè díẹ̀. “Ó ń dùn mí o, má rò pé kò dùn mí. Dìde ńlẹ̀. Kí lo fẹ́ ṣe?”

Adébùnmí sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Yóò san gbogbo owó ilé ìwòsàn bàbá títí ọwọ́ náà yóò fi jinná. Yóò fi igi apá ṣe gbogbo àga ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Túnjí ti padà dé, ó dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. “Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí kò bá wá ṣe é ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, sà,” ni Adébùnmí wí. “Bí mi ò bá ṣe é, ẹ gba ilé.”

Adébánjí di ojú rẹ̀.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Lọ́yà kọ ọ́ pé bí Adébùnmí bá mú gbogbo ìlérí náà ṣẹ, kò sí ẹjọ́ mọ́, kò sì sí ohun tí ìdílé bàbá yóò tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá mú un ṣẹ, ẹnu ọ̀nà kóòtù ṣì ṣí sílẹ̀, ilé sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó kan bàbá láti fọwọ́ sí i, wọ́n rántí pé ọwọ́ ìkọ̀wé ló ṣẹ́. Bàbá ki àtàńpàkò òsì bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọ̀gá ìjọba! Àwọn akọ̀wé mi àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ o.”

Adébùnmí ta ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ láti ra igi apá àti láti san owó ilé ìwòsàn. Ó padà sí randa, ìfági ọwọ́, irú èyí tó fi kọ́ iṣẹ́ ní Satellite Town. Igi apá le, kì í gbà fún ènìyàn bọ̀rọ̀. Èjìká rẹ̀ ń ro ó, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó tún dá awọ mìíràn. Àwọn oníbàárà kan gbọ́ pé àga rẹ̀ wó lábẹ́ àgbàlagbà, wọn kò sì padà wá. Àwọn mìíràn gbọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n wá nítorí ìyẹn. Adébánjí, tí kò mọ orí ìṣó yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, ń wá ní ìrọ̀lẹ́ láti fi sáńdípépà ha àwọn àga náà, ó ń kùn bí oyin, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Dennis fi ìpín tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Kánádà, ó sì fi kún un. Nígbà tí Adébùnmí pè é pé ó ti pọ̀ jù, ó ní, “Gbà á jàre. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe níbí. Bí mo bá ti fa àga fún bàbá kan kó jókòó, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.” Àwọn méjèèjì gbà pé kí òwò àjọṣe wọn parí síbẹ̀. Wọn kò jà. Adébùnmí sọkún díẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀, nítorí pé Dennis ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ fún un.

Nígbà tí àga ìkẹyìn dé gbọ̀ngàn, Túnjí fúnra rẹ̀ wá wò wọ́n. Ó yí wọn dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná ha ìdí wọn láti rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ pólíṣì. Adébùnmí dúró, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń dúró dè é. Túnjí kò yìn ín. Ó mú ìwé àdéhùn jáde nínú àpò rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti pé, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi fún un.

“Bàbá mi kí yín,” ni ó wí. “Ọwọ́ wọn ti ń di ṣíbí mú.” Lẹ́yìn náà ni ó kí i dáadáa, ó sì jáde.

Lọ́nà ilé, Adébánjí béèrè bóyá wọn yóò wá forúkọ kọ́ńpínì gidi sílẹ̀ báyìí. Adébùnmí ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́yà ti sọ fún un pé òun nìkan lè dá a sílẹ̀, kò nílò ẹlòmíràn. Ó ti béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá kọ́ńpínì náà yóò bo òun bí òun fúnra òun bá fi igi burúkú ṣiṣẹ́, lọ́yà sì ní kò dájú pé yóò bò ó nínú ìyẹn.

“Inú mi dùn pé kò dájú,” ni Adébùnmí wí.

“Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan ni inú yín máa dùn sí irú ẹ̀.”

Wọ́n gun àtẹ̀gùn fúláàtì. Ìyá wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbójú sókè bí ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn kò sọ gbogbo rẹ̀ fún un rí, ṣùgbọ́n ìyá ni, ó ti mọ̀.

“Wọ́n wo àga yẹn?”

“Wọ́n wò ó, Màámi.”

“Ilé wa ńkọ́?”

“Tiwa ṣì ni, mà.”

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá apá àga, ó dìde, ó sì kọrí sí ilé ìdáná láìdi nǹkan kan mú, ó ń kùn mọ́ wọn pé ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù kí wọ́n tó dé.